Tí iná bá sọ nínú yàrá ẹni tó ti lọ ilé ọdún, ta ló ní kọ́kọ́rọ́?

AyálégbéMushin
Ẹ kú ìmúra ọdún o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti èṣí, mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́ kí kálukú tó bẹ̀rẹ̀ sí ní di ẹrù. Fés-mi-ai-fés-yù là ń gbé, yàrá mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún márùn-ún lósì, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín. Lọ́jọ́ kejì Kérésì èṣí, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, NEPA mú iná dé, iná ọ̀hún mọ́lẹ̀ yòò ju bó ṣe yẹ lọ, gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ sì fọ́ pàù. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ òórùn ike tó ń jóná, mo rò pé àdúgbò ni wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí, ìyàwó mi ló ní dìde o, inú ilé yìí ni. Bí mo ṣe jáde báyìí, èéfín dúdú ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kẹrin, ó ń gun ògiri lọ sókè.

Ẹni tó ni yàrá yẹn ti lọ sí Ìlá láti ọjọ́ 23. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tún fi àgádágodo ńlá sí bọ́gúlárì tó wà níwájú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́. Lándílọ́ọ̀dù ò bá wa gbé, kiatékà náà ti lọ ṣọdún. Àwa ọkùnrin mẹ́rin la jọ fi irin já àgádágodo yẹn, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó já, àwọn ọmọ ń ké nínú yàrá wọn, èéfín ti kún ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tá a wọlé, ẹ̀yìn fírísà ló ń jóná, ó ti ran kọ́tìnì, ó kù díẹ̀ kó dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan sáré lọ já méènì súwíìṣì, a wá da iyanrìn àti omi lù ú. Orí ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan péré ló so fírísà, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti iná Kérésì mọ́, iná Kérésì yẹn ṣì wà lára kọ́tìnì, ó ti yọ́ pọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù.

Látìgbà náà, lándílọ́ọ̀dù ní ayálégbé ló jẹ̀bi, kó san owó ọ̀dà àti síílìn. Ayálégbé ní wáyà ilé ló ti gbó. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí dòní, ọdún míì sì ti dé, èèyàn mẹ́fà nínú wa ló tún máa tilẹ̀kùn lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí lándílọ́ọ̀dù ṣe, kí ló yẹ káwa ayálégbé ṣe? Ṣé ó yẹ kí gbogbo èèyàn máa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni?

ÌyáÌbejì_Agége
Haa, ẹ kú ewu o, ẹ kú ewu. Ara bù mí máṣọ bí mo ṣe ń kà á. Àwọn ọmọdé nínú èéfín!

BàbáOnílé_Ìbàdàn
Lándílọ́ọ̀dù ni mí, ilé méjì ni mo ní n'Íbàdàn, mi ò sì wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà tí mo kọ́ ilé àkọ́kọ́ lọ́dún 1988, gílóòbù kan, fáànù kan, rédíò, bóyá tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun, òun ni wọ́n wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan fún, lónìí ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá kan á ní fírísà á ní áyọ́ọ̀nù á ní bílẹ́ńdà á ní hòtì-pléètì á tún fẹ́ gbé éésì sí i, kò sì ní sọ fún mi, oníná tiẹ̀ ló máa pè kó wá gbé wáyà gba orí síílìn nígbà tí mi ò sí nílé.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo lọ wo yàrá kan tí ayálégbé fẹ́ kó jáde níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò mẹ́ta ni mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ó ní tí Dìsẹ́ńbà bá ti dé epo máa ń wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì yẹn, àbẹ́là ti yọ́ mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, òwú ẹ̀ ṣì dúró dúdú láàárín. Ọmọ mẹ́ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

AyálégbéMushin
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn bà mí lẹ́rù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí sà, ilé tí wọ́n wáyà ẹ̀ ní 1988, tí wọn ò tíì yí i padà, owó ilé 1988 kọ́ làwa ń san. Gbogbo ọdún méjì méjì lowó ń lọ sókè. Tí ayálégbé bá sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbóná, wọ́n á ní kó tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wá oníná tẹ́ ẹ sọ yẹn.

OnínáBódìjà
Ẹ̀gbọ́n Mushin, ẹ kú ewu. Iṣẹ́ oníná ni mo ń ṣe láti 2004. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ yòò tó wá fọ́ yẹn, ó dà bíi pé níútírà, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, ló já níbì kan, bóyá lórí òpó bóyá lẹ́nu mítà yín. Tí níútírà bá já, iná 230 tó yẹ kó wọlé lè sún mọ́ 400 nínú yàrá àwọn kan, tàwọn míì á sì máa ṣẹ́jú bàìbàì. Fírísà ò lè gba irú ẹ̀. Nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ tí ẹ sì ń rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó máa wà níbẹ̀ láti yọ pílọ́ọ̀gì nígbà tí wọ́n bá mú un padà lóru, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lọ sílé fi gbọ́dọ̀ yọ gbogbo nǹkan lára ògiri, kó kó ẹran inú fírísà fún aládùúgbò kó sè é.

Ẹ tún jẹ́ n bi yín, kí ló wà nínú káàtì-áòtù, ìyẹn ilé fíúsì, ilé yín? Mo ti ṣí tẹ́lẹ̀ rí ní ilé kan ní Òkè-Àdó, wáyà kọ́pà ni mo bá níbẹ̀, wọ́n yí i pọ̀ lọ́nà mẹ́rin, ó nípọn bí ìka ọmọdé. Fíúsì ló ń já tí wọ́n bá ti ń lọṣọ, inú bí wọn, wọ́n ní kó má já mọ́. Fíúsì tí ò lè já, wáyà inú ògiri ló máa jóná dípò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsitẹ́ńṣọ̀n náà nìyí. Pílọ́ọ̀gì 13 amp, tẹ́ ẹ bá ka 230 lọ́nà 13, bíi 3,000 wọ́ọ̀tì ni gbogbo agbára ẹ̀, ìyẹn tí wáyà ẹ̀ bá dáa. Kẹ́tùlù kan lè jẹ 2,000 nínú ẹ̀, áyọ́ọ̀nù lè jẹ 1,000 sókè. Àwọn ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ń tà nínú gósílóò, wáyà inú wọn tín-ín-rín, ó máa ń gbóná kó tó dé bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ilé náà, wáyà tó nípọn tó 1.5 (mm²) la fi ń ṣe gílóòbù, 2.5 la fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún éésì. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí mo ń wọ̀, 1.5 ni mo ń bá nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nípa kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ bèèrè, lójú tèmi súwíìṣì ló ṣe pàtàkì jù. Kí lándílọ́ọ̀dù mú bíréékà yàrá kọ̀ọ̀kan jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kó fi nọ́ńbà yàrá sára ẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sílé á pa tiẹ̀ kó tó gbé báàgì. Tó bá gbàgbé, ẹni tó kù nílé á bá a pa á, kò ní nílò kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni.

Àdúkẹ́Òṣòdì
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n oníná, torí èmi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀ fún kiatékà láéláé. Obìnrin tó ń dá gbé ni mí. Ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀, kiatékà ní kọ́kọ́rọ́ kejì, mo dé láti ilé Iléyá, góòlù ìyá mi ti lọ, aṣọ òfì mi ti lọ, gbogbo èèyàn ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ iná sọ ayálégbé di ẹni tí kò láàbò. Ṣùgbọ́n ti bíréékà yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

ÌyáÌbejì_Agége
Àdúkẹ́ ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé òpópónà kejì lèmi ń kó tèmi fún, kì í ṣe ará ilé, àmọ́ gbogbo ará ilé ní nọ́ńbà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Kì í ṣe gbogbo iná ọdún ló ń wá látara NEPA. Ní Kérésì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń dín tọ́kì lórí gáàsì, òróró pọ̀ nínú ìkòkò, fóònù dún, àbúrò mi tó wà l'Ámẹ́ríkà ló ń kí wa, mo kúrò nídìí ẹ̀ pé n kàn kí i kíákíá. Nígbà tí mo yíjú padà iná ti ń jó lójú òróró. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó gbé abọ́ omi, ó dà á sí i. Háà. Iná yẹn fò sókè kan síílìn, ó ta òróró gbígbóná sí i lápá. Àwọn èèyàn ní ká fi ẹyin pa á, ẹlòmíì mú ọṣẹ ìfọyín wá, ẹlòmíì mú iyọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló lé gbogbo wọn, ó gbé apá ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó jẹ́jẹ́, ó ní ká máa lọ sọ́sípítù. Dókítà ní omi yẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù. Àpá ẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, tí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ títí á fi tutù. Ẹ má gbé e sáré jáde. Ẹ má da omi sí i. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó máa wọ kíṣíìnì, èmi ò kọ́ tèmi.

PanápanáTóTiFẹ̀yìntì
Màmá Ìbejì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọmọ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ panápaná kí n tó fẹ̀yìntì.

Ọ̀rọ̀ mi wà fún ará Mushin tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ já ilẹ̀kùn yẹn, akin ni yín, ṣùgbọ́n orí ló kó yín yọ. Tí èéfín bá ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tó tì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Tó bá gbóná, ẹ má ṣí i rárá. Inú yàrá tó tì pa, iná á ti jẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, ó ń wá òmíràn, bẹ́ ẹ bá ṣí i gbàù, afẹ́fẹ́ á wọlé, iná á sì bú jáde sí yín lójú. Mo ti sin ọ̀rẹ́ tó ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ já méènì, ìkejì kẹ́ ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, àwọn ọmọ ṣáájú, kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n máa rá lọ tí èéfín bá ti pọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí sí ìsàlẹ̀ ló wà. Èéfín ló ń pa èèyàn, kí iná tó débẹ̀ rárá ẹlòmíì ti sùn lọ. Ẹni kan á sì ti máa pe 112 tàbí 767, l'Ékòó méjèèjì ló ń lọ, ẹ dárúkọ òpópónà, ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo tó wà nítòsí, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu títì láti júwe ọ̀nà.

Ẹ tún wo ọ̀ọ̀dẹ̀ yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Jẹnẹrétọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀, ọ̀kadà mélòó, àpò ìrẹsì ọdún, kéèsì ohun mímu? Ní òkùnkùn, nínú èéfín, àwọn nǹkan yẹn ló máa gbé èèyàn ṣubú. Bọ́gúlárì ojú fèrèsé ńkọ́? Mo ti dé ibi tá a ti ń gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́yìn irin, a ò sì tètè ráyè gé e. Kí onílé jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ojú kan tó máa ń ṣí nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí àgádágodo ẹ̀ wà nínú, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì máa kọ́ sára ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ọmọdé ilé náà mọ̀ tí ọwọ́ olè ò lè tó.

AyálégbéMushin
Bàbá wa, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Mi ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn wò. Mo ń kà á, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

ỌmọPeckham
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. London ni mo wà, mo kàn fẹ́ fi tibí kún un. N'Ílẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti 2015 ló ti di òfin pé kí lándílọ́ọ̀dù fi aago èéfín sí àjà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ń gbé, láti October 2022 tí ayálégbé bá ti ní kò ṣiṣẹ́ ó di dandan kó tún un ṣe. Gáàsì, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà ilé, ó kéré tán ọdún márùn-ún márùn-ún. Àmọ́ àwa Yorùbá níbí náà ń dẹ́ṣẹ̀ o, torí tá a bá ń dín ẹran tàbí tá a ń yan ata, aago yẹn á máa pariwo, ẹlòmíì á fi ọ̀rá bò ó, ẹlòmíì á yọ bátìrì ẹ̀ títí ọdún á fi kọjá, nígbà tí àlejò mẹ́jọ ń sùn nílẹ̀ pálọ̀. Nílé tí mo ti kọ́kọ́ gba yàrá, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe, mo wá mọ̀ pé ńṣe là ń fi ẹ̀mí gbogbo ilé ta tẹ́tẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ẹ fi aago sílẹ̀. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà náà, oníbátìrì ni, kò nílò NEPA.

BàbáOnílé_Ìbàdàn
Ọmọ mi ní London, èmi náà máa ra aago yẹn. Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Wáyà yàrá mẹ́wàá, bíréékà, wẹ́dà, kì í ṣe owó kékeré. Ta ló máa san án?

AmòfinỌ̀ṣun
Bàbá, ẹ jẹ́ n dá sí i sà. Òfin ilé ìyálò ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2011 sọ ọ́: onílé ló máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò ṣe, onílé ló sì gbọ́dọ̀ fi ilé sábẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ọ̀ọ̀dẹ̀ àti méènì, ibi ìlò gbogbo ará ilé nìyẹn. Ayálégbé ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú inú yàrá, kò sì gbọ́dọ̀ yí nǹkan ilé padà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé, wáyà orí síílìn tẹ́ ẹ sọ yẹn wà nínú ẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onílé wọlé wá wò ó lọ́sàn-án, tó bá ti kọ̀wé sí i ṣáájú. Òfin yẹn ò kan Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, tẹ́ ẹ bá ń gbébẹ̀ àdéhùn ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ wò. Ìmọ̀ràn mi fún ará Mushin: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbóná sí i, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kì í jẹ́ kí ẹjọ́ parí.

ÌyáOnígáàsì
Mò ń ta gáàsì, ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kí oníbàárà tó dé. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, ó ń wọ́ lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní jáde bí èéfín. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ẹ̀, ẹ má tan súwíìṣì, ẹ má sì pa á, ẹ má fọwọ́ kan fóònù níbẹ̀, ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jáde. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sísè ọdún, ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ kó hó dáadáa, ẹ fi kan ẹnu sílíńdà àti róbà ẹ̀ látòkè délẹ̀, ibi tó bá ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ń jò. Róbà tó bá ti le tó ti ń sán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì fagbára mú wa pé ká rọ ọ́ kún bámú, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló yẹ kó wà nínú sílíńdà, ìyókù àyè ni, torí oòrùn máa ń jẹ́ kó wú. Àwọn tó ń lo sítóòfù, tí kárósínì bá ń rùn bíi bẹntiróò, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ má dán an wò.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó
Ẹ má gbàgbé bángà o. 26 December 2012, ní Jankara, ilé tí wọ́n kó bángà pamọ́ sí ló bú gbàmù, iná ran àwọn ilé tó yí i ká. Àdúgbò wa nìyẹn. Títí dòní tí mo bá ti gbọ́ bángà, èéfín ọjọ́ yẹn ni mò ń gbóòórùn. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan ní Dìsẹ́ńbà, ewéko, kọ́tìnì, pákó òrùlé, sípáàkì kékeré ti tó. Kí lándílọ́ọ̀dù kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sí bángà nínú kọ́mpáùndì, kí èyí tó ń tà á má sì kó o sínú yàrá.

AyálégbéMushin
Ẹ kú àánú mi gbogbo yín. A ti ṣèpàdé lánàá, lándílọ́ọ̀dù wá fúnra ẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá panápaná fún wọn látinú fóònù, gbogbo èèyàn dákẹ́. Ó gbà láti san owó wáyà ọ̀ọ̀dẹ̀ àti bọ́ọ̀dù bíréékà, àwa náà dá owó bíréékà yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò lè ṣe bọ́gúlárì fèrèsé kí ọdún tó dé, àmọ́ a jọ kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, oṣù January. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ti kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Ẹni yàrá keje ló kọ̀, ó ní òun ò ní gbé kẹ́ẹ̀gì epo òun síta kí wọ́n má bàa jí i. Ìyàwó mi ní òun á tún lọ bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

Èyí tó ṣe mí láàánú jù, ará yàrá kẹrin yẹn náà wá. Ó bẹ gbogbo wa, ó sunkún. Ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn ọmọ wà nílé lọ́jọ́ yẹn.

Oníná ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ni kí n ní kó kọ́kọ́ wò?

OnínáBódìjà
Ìdí níútírà lẹ́nu mítà, kó tú u, kó fá a, kó dè é le. Kó tó mú iná padà, kó ṣí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn fírísà wò, èyí tí ike ẹ̀ bá ti pọ́n, kó yọ ọ́. Kẹ́ ẹ dúró tì í kó ṣe é lójú yín.